Gíláàsì Tí Kò Dá Iná Padà

Ọkọ̀ akẹ́rù tẹ ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé búrẹ́dì lẹ́sẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, egungun rẹ̀ fọ́ bí igi gbígbẹ. Awakọ̀ búra pé òun ò rí nǹkan kan níwájú. Ọ̀gá ilé búrẹ́dì gbà á gbọ́. Ó ní ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ lókùnkùn láìní gíláàsì pupa tó ń dá iná mọ́tò padà lẹ́yìn, àfọwọ́fà ni. Òun ò ní sanwó iṣẹ́ abẹ. Dókítà sì ti ní bí wọ́n bá fi falẹ̀, gígé ni àwọn máa gé ẹsẹ̀ náà.

"Ọkọ mi ra gíláàsì!" ni ìyàwó rẹ̀ ké. Ó tú u lára kẹ̀kẹ́ tó ti wó, ó gbé e tọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ. Ìyẹn ti fèrèsé pa, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Kò dá iná kankan padà. Ike bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gé, tí wọ́n fi epo kùn kó lè máa dán lójú oòrùn.

"Ta ló tà á?"

"Ẹnudùn. Ọ̀sán gangan ló máa ń pàtẹ."

Òun àti obìnrin náà wọ mọ́tò ọlọ́pàá, wọ́n dé ìsọ̀ Ẹnudùn, ó ti gba fèrèsé jáde. Wọ́n ká a mọ́lé àna rẹ̀, ó fo ògiri, bàtà kan ló fi sílẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó bẹ́ sórí kẹ̀kẹ́, tó kó sáàárín àwọn tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀. Ẹ̀yìn gbogbo wọn dúdú, ọjà rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ kẹ̀kẹ́. Àfi ẹnì kan. Iná mọ́tò ọlọ́pàá bà á, gíláàsì tòótọ́ lára pẹ́dà méjèèjì tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ń tàn yòò, wọ́n ń lọ sókè, wọ́n ń lọ sílẹ̀.

"Ẹlẹ́sẹ̀ iná, dúró ńbẹ̀!"

Wọ́n fà á ṣubú.

"Kí ló dé tí tìẹ fi ń tàn?"

"Ọ̀gá, ẹ̀bùn ni. Ìyá mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Èmi kọ́ ni ìyá ẹ," ìyàwó náà wí. Ó yọ gíláàsì tòótọ́ náà kúrò, ó so ike ọkọ rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ náà. "Ó yá, gùn ún. Ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti kẹ̀kẹ́ sójú títì, ó di Ẹnudùn lọ́rùn mú. Ẹnudùn tọ̀ sára.

"Ike ni! Mo mọ̀ pé ike ni!"

"O mọ̀ pé ó lè pa wọ́n?"

"Mo mọ̀."

Ọ̀gá búrẹ́dì gbọ́, ojú tì í, ó sanwó. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọn ò gé ẹsẹ̀ náà. Ọkọ obìnrin náà sunkún bí ọmọdé nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Obìnrin náà padà sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ wo Ẹnudùn nínú àtìmọ́lé. Ẹnudùn ń bẹ àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n má pa iná. Obìnrin náà nawọ́ sára ògiri, ó pa iná náà.