Ìrọbí Ìyá Ṣàkírù

Ẹ̀yin tí ẹ gbé Ìkẹjà nígbà ìjọba ológun, ẹ rántí bí a ṣe ń tò nítorí epo bẹntiróòlù. Láti ìdájí lèmi Dàwódù ti máa ń wà ní ilé epo l'Ópébi, kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Èmi ni mò ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìgbẹ̀bí kan ní Agége. Ìwọ̀nba tí mo bá rí rà, ti aboyún ni.

Epo yìí ni ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ìyá Ṣàkírù ń fi ṣeré.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí o! Ìrọbí ti mú mi o!" Bó ṣe máa ń ké lórí fóònù nìyẹn, lọ́sàn-án gangan.

Nọ́ọ̀sì Àrínọlá á rọra dá a lóhùn: "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé o ti rí ẹ̀jẹ̀? Fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. A ń bọ̀."

A ó sáré dé Ọ̀gbà tó júwe fún wa. A ò ní bá ilé, a ò ní bá aboyún. Tó bá tún ṣe díẹ̀, á tún pè.

"Nọ́ọ̀sì, ọkùnrin nìyí," ni mo wí. "Ìrọbí wo ló ń mú èèyàn lásìkò oúnjẹ ọ̀sán nìkan, tí àwọn kan á tún máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀?"

"Mo mọ̀, Bọ̀dá Dàwódù. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀."

"Kí wá ló dé tí ẹ ń dá a lóhùn?"

"Mi ò mọ ọjọ́ tó máa di òótọ́."

Èmi ò gbà. Èmi kì í gbàgbé nǹkan. Mo búra pé bí Ìyá Ṣàkírù bá tún pè, mi ò ní mú kọ́kọ́rọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù dún, mo gbé e. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀! Ẹ̀yìn iléeṣẹ́ bísíkíìtì ni ilé wa, ní Ọba Akran."

Kò ṣe ohùn obìnrin mọ́, ṣùgbọ́n mo dá a mọ̀.

"Áà, Ìyá Ṣàkírù! Ẹ kú ìrọbí o! Ẹ ò tíì bí i láti ọjọ́ yìí?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló bú sí.

"Ẹ má gbé e sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni Ìyá Ṣàkírù lóòótọ́. Reuben lorúkọ mi, fóònù ọ̀gá wa níléeṣẹ́ bísíkíìtì yìí ni mo fi ń pè yín bí ó bá ti jáde lọ jẹun. Mo ti ní kí Jọkẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, bí Nọ́ọ̀sì ṣe máa ń sọ."

Nọ́ọ̀sì gba fóònù lọ́wọ́ mi. "O ṣe é dáadáa, ọmọ mi. Dúró sẹ́nu géètì iléeṣẹ́ yín ká lè rí ọ. A ń bọ̀."

Ó wò mí. Mo mú kọ́kọ́rọ́.

A ti ń wo géètì náà lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí epo tán. Reuben sáré wá, àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ máa ń rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. Wọ́n ti bọ́ọ̀sì náà dé ẹnu géètì, ọ̀kan fi ẹnu fa epo inú ọ̀kadà rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì mi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Jọkẹ́ dé ilé ìgbẹ̀bí láàyè. Ó bí obìnrin.

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ náà lé Reuben lọ́wọ́. "Ìyá Ṣàkírù, ẹ kú ewu ọmọ. Ìrọbí yín mà pẹ́ o!"

Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, mo ní kó dìde. Mi ò tíì dárí jì í tán, ṣùgbọ́n òun ló ń bá mi tò sí ilé epo títí ọmọ náà fi rìn.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má fi fóònù ṣeré pẹ̀lú ilé ìwòsàn tàbí àwọn panápaná. Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, bí ẹ bá ń jáde, ẹ tilẹ̀kùn yàrá fóònù. Bí wàhálà bá dé, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ sọ àdúgbò yín àti ohun tó wà nítòsí ibẹ̀, kí ẹnì kan sì dúró síta. Bí o bá sì ti fi ṣeré rí, má jẹ́ kí ìtìjú pa èèyàn rẹ. Pè wá, jẹ́wọ́, sọ òótọ́.

A ń bọ̀.