Okùn Pupa Tí Kò Sí Níta

Ẹsẹ̀ Lukša Bonačić ṣì wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí àwọn apẹja rí i. Ọkọ̀ náà ti dojú dé, ó ń léfòó ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Škrpina, ìdí rẹ̀ tó funfun ló kọ́kọ́ hàn sí wọn láàárín ìgbì. Nígbà tí wọ́n yí i padà, ọmọkùnrin náà bá a yí padà, ó jókòó nàró bí ẹni tó fẹ́ kí wọn káàárọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn apẹja náà, tí kì í ṣe òkú àkọ́rí rẹ̀ nìyẹn, fi fìlà bo ojú.

Káyáàkì ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ tóóró tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó sí. Òun ni Lukša àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Tonka, fi ń jẹun. Wọ́n máa ń kó àwọn àlejò yí àwọn erékùṣù tí ẹnikẹ́ni kò gbé ká, níbi tí ó jẹ́ pé ewúrẹ́ àti ẹyẹ nìkan ló ni ilẹ̀. Ní gbogbo ìlú Lumnik, kò sí ọ̀dọ́ tó mọ omi yẹn bí àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi korò lẹ́nu gbogbo ènìyàn, tí wọ́n sì yára wá ẹni tí wọ́n máa tu ú sí lára.

Tonka ni wọ́n tu ú sí lára.

Kí Jerka Depolo, obìnrin tó jẹ́ inspẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá ìlú náà, tó dé ẹ̀bá òkú, ó ti gbọ́ ìdájọ́.

"Ó fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ nínú jugo!" obìnrin kan tó ń ha ìpẹ́ ẹja ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Jugo ni afẹ́fẹ́ gúúsù tó ń ru òkun yẹn sókè. "Àwọn àlejò ló kó wálé, ó fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn."

"Kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀," ẹlòmíràn ní. "Kí wọ́n sì tì í mọ́lé."

Bàbá wọn, Frane, jókòó lórí àpótí ẹja kan, irun rẹ̀ funfun báláú. Apẹja ni, òkun ti jẹ ìka méjì nínú ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó wo ọmọ rẹ̀ obìnrin lójú gbogbo ènìyàn.

"Ìwọ lo yí ẹ̀yìn sí i, Tonka. Kí ni kí n lọ sọ fún ìyá yín ní ibojì?"

Tonka kàn dúró bẹ́ẹ̀ bí igi tí wọ́n ti gé tí kò tíì wó.

Jerka bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Àwọn tó ń wa káyáàkì máa ń wọ aṣọ rọ́bà kan mọ́ ìbàdí, wọn a na etí rẹ̀ bo ihò tí wọ́n jókòó sí kí omi má baà wọlé. Okùn pupa kékeré kan wà níwájú aṣọ náà, ó tẹ̀ bí etí ife. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, okùn yẹn ni awakọ̀ máa fà kí aṣọ lè ṣí, kí òun lè jáde. Jerka fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọkọ̀ náà lọ́wọ́ Tonka rí, ohun tó sì kọ́kọ́ kọ́ ọ nìyí: bí okùn pupa kò bá sí níta, o kò gbọdọ̀ kúrò ní èbúté.

Okùn pupa Lukša kò sí níta. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ aṣọ rọ́bà, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ní títò, bí aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí.

Jerka wo ẹ̀yìn orí òkú náà, ó rí ọgbẹ́ kan. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Èékánná rẹ̀ ti ya.

"Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan," ó ní. Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ.

Inú ahéré tí wọ́n ń kó àwọn káyáàkì sí ló ti bá Tonka sọ̀rọ̀. Àwọn àjẹ̀ wà lára ògiri, aṣọ Lukša kan ṣì wà lórí ìṣó.

"Àǹtí Jerka, ẹ kúkú tì mí mọ́lé," Tonka ní. "Wọ́n ti dá ẹjọ́ náà tán."

"Wọn kò sanwó oṣù fún wọn láti dá ẹjọ́. Jókòó. Ṣé ẹ fa okùn ara yín wò láàárọ̀ àná?"

"A kì í gbàgbé. Mo fa tirẹ̀, ó fa tèmi. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, okùn rẹ wà níta, ahọ́n rẹ náà wà níta, ká máa lọ.'" Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹkún ló jáde. "Ojoojúmọ́ ló máa ń sọ ọ́."

"Ṣé ó lè ṣèèṣì tì í sínú?"

"Lukša? Ẹ bi mí bóyá ó lè gbàgbé láti mí."

"Kí ló dé tí ẹ fi pínyà?"

Tonka nu imú. Ó ṣàlàyé pé àwọn àti àwọn àlejò mẹ́fà ń jẹun ní etíkun Škrpina, jugo sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀nà ilé ló yẹ kí gbogbo wọn wà.

"Ìgbà náà la gbọ́ òòlù. Kán, kán, kán, lábẹ́ àpáta ẹ̀yìn erékùṣù."

Jerka mọ ohun tí òòlù yẹn túmọ̀ sí. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Ìṣáwùrú kan wà tó gùn bí ìka ọwọ́, prstac ni wọ́n ń pè é, inú òkúta abẹ́ omi ló ń gbé. Àfi kí ènìyàn fọ́ òkúta náà kó tó rí i mú. Òkúta tí wọ́n bá fọ́ a di eegun lásán, ohunkóhun kò ní hù lára rẹ̀ mọ́. Òfin ti kà á léèwọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹ ẹ́ kò tíì jáwọ́.

"Ó ní kí n kó àwọn àlejò lọ, òun fẹ́ lọ bá a sọ̀rọ̀," Tonka ní. "Mo ní a kì í dá wakọ̀. Ó ní kí n lọ. Mo rò pé àwọn èèyàn Prosper, ọkùnrin tó ni ilé oúnjẹ yẹn, ló ń fọ́ òkúta."

"'Bá a sọ̀rọ̀.' Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn? Bí ẹni pé ẹnì kan ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Tonka gbé ojú sókè. "Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí ìtìjú mú, Àǹtí. Mi ò mọ ìdí."

"Nígbà tí kò padà dé ńkọ́?"

"Mo sáré lọ bá Bàbá. Ó ń tún àwọ̀n ṣe nínú ilé. Mo ní ká gbé ọkọ̀. Ó ní jugo ti pọ̀ jù, ká dúró di àárọ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin yòókù yarí pé àwọn máa lọ, ó ní kí wọ́n wá a sí ìlà-oòrùn, ibẹ̀ ni omi máa gbé e sí."

"Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ti rí i."

"Mo mọ̀. Àgbà náà ń ṣàṣìṣe, Àǹtí. Ọkàn rẹ̀ ti dàrú."

Ilé oúnjẹ Prosper kọjú sí omi. Prosper àti Jerka jọ lọ sílé ìwé ni, kò sì sí ọ̀wọ̀ púpọ̀ láàárín wọn.

"Jerka! Ọ̀sán lo wá jẹ ni, àbí òkú lo wá bi mí?"

"Òkú ni. Lukša da àwo prstac rẹ sínú òkun lójú àwọn àlejò lóṣù tó kọjá. O ní o máa fọ́ ọ lẹ́nu."

"Mo sọ ọ́! Ta ni mi ò tíì sọ ọ́ fún nínú ìlú yìí? Mo sọ ọ́ fún àlùfáà pàápàá. Ìyàwó mi ń gbọ́ ọ láàárọ̀ kó tó gbọ́ agogo." Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀. "Mò ń se oúnjẹ ìgbéyàwó níbí ní gbogbo ọ̀sán àná. Odidi ìdílé méjì ló rí mi, wọ́n sì bú mi torí iyọ̀. Lọ bi wọ́n."

"Ta ló ń gbé prstac wá fún ọ?"

"Èmi kì í ta á. Òfin kọ̀ ọ́."

"Prosper."

Prosper sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Nígbà ìrìbọmi ọmọ àbúrò rẹ, àwo ta ni mo rí ìkaraun rẹ̀ nínú ẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì lo bù, Jerka. O kò bèèrè ẹni tó gbé e wá lọ́jọ́ yẹn."

Jerka rántí àwo náà, òróró ólífì, aáyù, àti bí gbogbo tábìlì ṣe ń rẹ́rìn-ín.

"Mò ń bèèrè lónìí," ó ní níkẹyìn.

"Ẹja ti tán nínú omi yìí. Àwọ̀n ń gbẹ lára ògiri nílé àwọn àgbà. Kí lo rò pé àwọn tó ni wọ́n ń jẹ?" Prosper padà sídìí ẹja rẹ̀. "Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o."

Kò pọn dandan kó dárúkọ. Bí Jerka ṣe ń jáde ni dókítà pè é lórí fóònù. Dókítà náà ní omi ló pa Lukša, kì í ṣe ọgbẹ́ orí. Ó tún ní òun rí rọ́bà dúdú lábẹ́ gbogbo èékánná rẹ̀. Jerka dúró lójú ọ̀nà, fóònù lọ́wọ́, títí awakọ̀ akẹ́rù kan fi fọn fèrè sí i pé kó yà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òun àti àwọn ọlọ́pàá méjì gbé káyáàkì Lukša wá sí àgbàlá Frane. Wọ́n gbé e ka orí pákó méjì. Jerka na aṣọ rọ́bà bo ihò rẹ̀, ó sì jẹ́ kí okùn pupa rọ̀ síta níwájú.

"Gbé e kúrò níbí," Frane ní. "Ike àwọn àlejò lásánlàsàn. Mi ò jókòó sínú ẹ̀ rí."

"Ẹrù ọmọ yín ni, Bàbá. Ẹ̀yin la máa kó o fún."

Arúgbó náà sún mọ́ ọkọ̀ ọ̀hún díẹ̀díẹ̀. Jerka ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìsìnkú, irú pósí tí wọ́n fẹ́, ìgbà tí àlùfáà máa dé. Frane ń dá a lóhùn, ọwọ́ rẹ̀ ń rìn lára ọkọ̀ náà bí ọwọ́ apẹja ṣe ń rìn lára ọkọ̀ gbogbo. Ó dé ọ̀dọ̀ okùn pupa. Ìka mẹ́ta tó kù lọ́wọ́ òsì rẹ̀ mú un, ó tì í sábẹ́ aṣọ rọ́bà, ó fi àtàǹpàkò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Kò tilẹ̀ wò ó.

"Bàbá," Jerka ní, "kí lẹ ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Okùn yẹn. Ẹ tì í sínú."

"Okùn kì í rọ̀ lásán lára ọkọ̀. Ẹsẹ̀ á kọ́ ọ, àwọ̀n á kọ́ ọ, ènìyàn á ṣubú sómi. Láti kékeré ni mo ti ń na àwọn ọmọ mi torí ẹ̀..." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ kọ́ wọn dáadáa. Ìyẹn nìkan ni wọn kò gbà lọ́wọ́ yín, torí nínú ọkọ̀ yìí, okùn yẹn ni ẹ̀mí. Ẹni tó bá ń wa káyáàkì kò jẹ́ tì í sínú láéláé. Ẹni tí kò bá sì mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀, kò ní rí i rárá, á fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Apẹja nìkan ló máa tún un tò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé Lukša sínú ọkọ̀ rẹ̀."

"Ìwọ ọmọ Mate! Gbogbo Lumnik ló ń pẹja. Ṣé torí okùn lo fẹ́ fi tì mí mọ́lé?"

"Okùn nìkan kọ́. Láàárọ̀ yìí la rí òòlù lábẹ́ àwọ̀n nínú ọkọ̀ yín. Àwọ̀n tí ẹ ń tún ṣe kò ya níbì kankan. Ẹ ti jáde nínú jugo tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ torí pé pàkúté ọ̀kàṣà yín sọnù, ṣùgbọ́n ẹ kò jáde torí ọmọ. Ẹ sì mọ ibi tí omi máa gbé e lọ, ìdí tí ẹ fi rán àwọn ènìyàn sí òdìkejì nìyẹn."

Frane jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ó ní òun máa fẹjọ́ mi sùn. Bàbá rẹ̀! Ó ní bí òun bá ń fi òkun han àwọn àlejò, ojú mi lòun ń rí lára àwọn òkúta tó fọ́. Mo tì í. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Òkúta gbà á lẹ́yìn orí. Mo gbé etí lé e láyà, ìgbì ń pariwo, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti kú, Jerka. Mo gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀, mo tì í sójú omi, mo ní kí òkun kúkú gbà á. Ikú omi kì í ṣe ìtìjú nílé wa."

"Ẹ wá jẹ́ kí Tonka ru ẹ̀bi rẹ̀."

"Ọmọdé ni. Wọn kò ní fi í sẹ́wọ̀n pẹ́. Èmi, inú ibẹ̀ ni màá kú sí."

Bó bá jẹ́ pé ó dákẹ́ níbẹ̀ ni, Jerka ì bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tó gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un bínú.

"Kò tíì kú, Bàbá. Omi ló pa á. Nígbà tí ọkọ̀ dojú dé, òtútù jí i. Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè fi orúnkún ti aṣọ yìí ṣí. Ẹni tí orí rẹ̀ ti fọ́, ọwọ́ nìkan ló kù fún un. Ó wá okùn rẹ̀ síbi tó máa ń wà. Ó wá a títí èékánná rẹ̀ fi ya."

Frane na ọwọ́ sí aṣọ rọ́bà náà, ó sì tún fa ọwọ́ padà.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, Tonka dúró, aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Jerka ti ní kó má jáde. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá gbé arúgbó náà dìde. Ó kọjá lára ọmọ rẹ̀, kò lè wò ó. Tonka náà kò wò ó. Ọkọ̀ ló ń wò.

"Àǹtí Jerka," ó ní, "ṣé ẹ kò lè fi ẹ̀bi náà sílẹ̀ lórí mi ni? Mo ti ń gbìyànjú láti mọ bí mo ṣe máa gbé e. Èyí tí ẹ gbé fún mi yìí, báwo ni kí n ṣe gbé e?"

Jerka yà kúrò lọ́nà fún un.

Tonka rìn lọ sídìí káyáàkì náà. Ó ti ìka bọ abẹ́ aṣọ rọ́bà, ó yọ okùn pupa síta, ó sì fà á lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ náà ṣí wẹ́rẹ́.