Ohùn Tó Wà Nínú Àfọ́kù

Mi ò fi irọ́ kankan lú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní bu iyọ̀ sí i. Ojú mi ló ṣe. Ọ̀sán gangan ni, orí mi sì pé.

Èmi ni mo máa ń ya fọ́tò ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn bá hú jáde. Yàrá iṣẹ́ wa kò jìnnà sí kòtò tí wọ́n ń gbẹ́, àmọ́ ẹ̀yìn ló kọ sí i. Ẹni tó bá wà nínú yàrá kò lè rí kòtò. Ẹnì kejì mi níbẹ̀ là ń pè ní Àǹtí Alápáàdì. Òun ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ àfọ́kù ìkòkò, tó ń sá wọn sórí ìwé ìròyìn, tó ń wọ̀n wọ́n, tó sì ń fi tádàwà kọ nọ́ńbà wínníwínní sí wọn lára, ká lè mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Fọ́tò ló ń pè mí. Ó ní orúkọ mi ti gùn jù fún iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Ìyá rẹ̀ máa ń bá a wá síbi iṣẹ́. Láti ọdún tó kọjá ni àrùn ẹ̀gbà ti mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu màmá náà, kò sì sí ẹni tó máa dúró tì í nílé. Yóò jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, yóò gbé ọwọ́ lé itan, kò ní wo ẹnikẹ́ni. Àǹtí á máa bá a sọ̀rọ̀, á sì máa dá ara rẹ̀ lóhùn. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo máa ń ṣe bíi pé kámẹ́rà ni mò ń nù.

Lọ́jọ́ kan, òjò dá. Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Màmá na ọwọ́ sí tìréè tó wà nítòsí rẹ̀, ó mú àfọ́kù kan, ó sì fi àtàǹpàkò nu etí àfọ́kù náà.

"Ó ti sán kí wọ́n tó gbé e kaná."

Ohùn náà já gaara. Garawa bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí. Ó kúnlẹ̀, ó di orúnkún ìyá rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí àfọ́kù ṣe kúrò lọ́wọ́ màmá báyìí, ẹnu rẹ̀ pa dé.

Láti ọjọ́ yẹn, Àǹtí kì í fọ àfọ́kù kan tán kó má fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Màmá á sọ díẹ̀. Á ní ẹnu ọ̀nà ni èyí fọ́ sí, kí wọ́n kó o kúrò kí ọmọ má tẹ̀ ẹ́. Á ní kí wọ́n má jẹ́ kí omi ìyẹn gbẹ. Kò pe orúkọ ọmọ rẹ̀ rí. Mo sọ fún Àǹtí pé ara màmá ti ń yá. Kò gbójú kúrò lára òṣùwọ̀n.

"Fọ́tò, kì í ṣe ohùn màmá mi nìyẹn."

Mo bi í pé kí ló dé tó ń ṣe é nígbà náà. Ó gbé àfọ́kù mìíràn lé òṣùwọ̀n.

"Ẹnu màmá mi ló ń mì."

Nígbà tí iṣẹ́ ń parí lọ, wọ́n kan ilẹ̀ ilé kan nísàlẹ̀ kòtò, ilẹ̀ tí wọ́n lù tó dán. Ààrò wà níbẹ̀, ìdí ìkòkò ńlá kan sì jókòó sínú ààrò náà. Inú Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ dùn gan-an. Ó ní ká tètè ṣe é tán, torí wọ́n fẹ́ da erùpẹ̀ padà sínú kòtò. Bí mo ṣe tẹ̀ ba láti yà á, ooru kọ lù mí lójú. Mo ní iná tí mo fi ń ya fọ́tò ni.

Nígbà tí wọ́n gbé ìdí ìkòkò náà dé yàrá, Àǹtí gbé e lé itan ìyá rẹ̀. Màmá gbé orí sókè. Ó wo ọmọ rẹ̀ tààrà.

"Màmá, ẹ mọ̀ mí?"

"Mo mọ̀ ọ́. Ìwọ lò ń kó ilé wa jáde."

Àǹtí fi ahọ́n ra ètè.

"Màmá mi dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ wa. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa níbí. Ìwọ ni kì í gbọ́."

Àǹtí rọra gbé ìdí ìkòkò náà kúrò, ó sì jáde. Mo tẹ̀ lé e. Ó bá àkàbà sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò nínú oòrùn, ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó fi etí lélẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń mi orí. Ó rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́, bí ọmọ tí wọ́n ń bá wí pẹ̀lú ìfẹ́. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Òórùn èéfín nìkan ni mò ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ kò síná níbì kankan.

Ó bẹ Ọ̀gá pé kí wọ́n má dí kòtò náà. Ọ̀gá kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó ní àárẹ̀ ló mú un, kó mú ìyá rẹ̀, kó lọ sinmi nílé. Kò lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a wà nínú yàrá nígbà tí mo gbọ́ tí erùpẹ̀ àkọ́kọ́ balẹ̀. Gbì. Màmá gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì lágbára, ó gbọn orí rẹ̀. Òmíràn balẹ̀. Ó gbọn èjìká. Kò sí àfọ́kù kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Àǹtí ti sáré jáde, ó ń ké sí wọn pé kí wọ́n dúró. Èmi ni mo tú gèlè màmá. Erùpẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, nínú ewú orí rẹ̀. Ó pupa, ó tutù.

Ọ̀gá wọlé. Ó mú díẹ̀, ó fi ìka méjì lọ̀ ọ́ bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo erùpẹ̀ tó bá jáde nínú kòtò. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo màmá, ó sì wò mí. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀.

Pákó ni wọ́n fi bo kòtò náà. Àǹtí gba yàrá sítòsí ibẹ̀. Lọ́sàn-án, á gbé àga ìyá rẹ̀ sínú ibòòji, á ṣí pákó kan, á sì sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò.

Àmọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ fẹ́ kọ́lé. Ọ̀gá ti bi mí bóyá fọ́tò tí mo yà ti tó, kí wọ́n lè dí i. Àná ló tún bi mí. Mi ò tíì dá a lóhùn.