Kẹ̀kẹ́ Màmá Bánjọ àti Ohùn Dídùn Orí Fóònù

Láti àárọ̀ ni Màmá ti múra. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n sì ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Ọjọ́ náà ni kẹ̀kẹ́ wọn ń bọ̀.

Kẹ̀kẹ́ tí à ń wí yìí ni àga onítáyà tí wọ́n fi ń ti ẹni tí kò lè rìn kiri. Àwọn kan ń pè é ní kẹ̀kẹ́ arọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ dán an wò létí Màmá. Wọn á ní àwọn kì í ṣe arọ, ìbàdí ló kàn ń dun àwọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú ní balùwẹ̀ ni wọ́n ti wà nínú yàrá kan nílé Bánjọ ọmọ wọn, ní Ìkòsí. Màmá tí kì í rí èèyàn kí wọ́n má kí i wá di ẹni tó kàn ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Ọ̀rọ̀ náà ń dun Bánjọ gidigidi.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Bánjọ. Ká ní àga lásán ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ì bá fi kàn án. Ṣùgbọ́n èyí ní irin, ó ní táyà. Ìdí nìyẹn tí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ fi dáwó jọ, tí wọ́n sì rà á lórí fóònù lọ́dọ̀ Kájọrà, ilé ìtajà ńlá tó máa ń gbé ọjà wá báni nílé.

Ọkọ̀ Kájọrà dé, wọ́n já páálí sílẹ̀, wọ́n lọ. Bánjọ fa páálí ya bí ẹni ń bó àgbàdo. Òun àti Adédiwúrà ìyàwó rẹ̀ to àga náà, wọ́n gbé Màmá lé e. Àga dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n tì í síwájú, ó kọrí sí ògiri. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rí i pé ọ̀kan nínú táyà ńlá méjèèjì ga ju èkejì lọ.

Màmá di apá àga mú. "Bánjọ," ni wọ́n wí, "kẹ̀kẹ́ yín yìí ń tiro jù mí lọ."

Adédiwúrà rẹ́rìn-ín. Bánjọ ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé Màmá padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá tú gèlè wọn, wọ́n ká a sábẹ́ ìrọ̀rí. Gèlè tí wọ́n tú yẹn gan-an ló bí Bánjọ nínú.

Ó wọ inú áàpù Kájọrà láti fẹjọ́ sùn, ẹ̀rọ ló dá a lóhùn: tẹ èyí, tẹ ìyẹn. Kò sí ẹ pẹ̀lẹ́, kò sí ẹ kú ìnira.

"Daddy Bámi, ẹ fara balẹ̀ kà á," ni Adédiwúrà wí; orúkọ ọmọ wọn ló fi ń pè é.

"Èmi ò bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn.

Ó bá gba ojú ìwé Kájọrà lọ lórí Fesibúùkù, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, pé ìyá òun tí ara wọn ò yá ni wọ́n fìyà jẹ. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà fóònù, ó kọ nọ́ńbà ọjà tó rà. Nọ́ńbà bàtà rẹ̀ nìkan ló gbàgbé. Lẹ́yìn náà ló gbé ayùn àti ìṣó jáde, ó ní òun á fi pákó gbé táyà kékeré náà sókè.

Kò tíì gé pákó tí fóònù fi dún.

"Ẹ káàsán sà. Ṣé Ọ̀gá Bánjọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni. Ta nìyẹn?"

"Enoch lorúkọ mi sà, kọ́sítọ́mà kíà Kájọrà. A rí ohun tẹ́ ẹ kọ. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà yìí sà. Màmá yín, Màmá tèmi náà ni wọ́n. Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà, wọ́n á jèrè ọmọ."

"Àmín o," ni Bánjọ wí. Inú rẹ̀ rọ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé rèé, ló ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, a ti mọ ìyẹn tipẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún Bánjọ pé ó lè yọ káàdì báńkì náà.

"A máa gbé òmíràn wá lónìí sà," ni Enoch ń bá a lọ. "Ẹ kàn bá mi ka nọ́ńbà iwájú káàdì yín, ká fi mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an ni."

Bánjọ kà á. Gàdàgbà ni wọ́n kọ ọ́.

"Ẹ ṣé sà. Kóòdù kan ń wọlé sórí fóònù yín. Ẹ ka òun náà fún mi."

Kóòdù wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ kéré, awò ojú Bánjọ sì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Hàlímátù, ayálégbé yàrá kejì, ń di bàtà ọmọdé sínú ọ̀rá. Òun náà ń ta bàtà lórí Kájọrà, ó mọ tinú tòde ibẹ̀.

"Hàlímátù, jọ̀ọ́, bá mi ka kóòdù yìí. Ọmọ kọ́sítọ́mà kíà Kájọrà ló ń dúró dè é."

Hàlímátù gba fóònù, ó kà á sínú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu fóònù.

"Uncle, ẹ má kà á fún un o."

"Kí ló dé?"

"Báńkì yín ló fi ránṣẹ́, kì í ṣe Kájọrà. Wọ́n sì kọ ọ́ síbí pé ẹ má fi han ẹnikẹ́ni. Owó ni wọ́n fẹ́ fi yọ."

Bánjọ ń wò ó. "Ṣùgbọ́n ó kí mi, Hàlímátù. Ó gbàdúrà fún ìyá mi. Ṣé kí n kàn gé fóònù mọ́ ọn létí ni?"

Àánú rẹ̀ ṣe Hàlímátù. "Ẹ má gé e. Ẹ bi í pé kí lẹ rà."

Bánjọ gbé fóònù sétí. "Ọmọ mi, má bínú. Kí ni mo rà lọ́dọ̀ yín gan-an?"

"Ṣebí... oògùn Màmá ni sà?"

Ó wá yé Bánjọ. Ohun tó kọ sórí Fesibúùkù, pé ara ìyá òun ò yá, nìkan lọmọ yìí mọ̀.

"Mi ò ka kóòdù kankan fún ọ," ló wí.

Ohùn dídùn yẹn yí padà. Ó bú Bánjọ, ó bú Màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà fún tán, ó sì gé fóònù.

Bánjọ jókòó sórí páálí. "Mo ti ka nọ́ńbà káàdì fún un. Owó pákó àwọn oníbàárà mi ló wà níbẹ̀."

"Ẹ pe báńkì báyìí," ni Hàlímátù wí, "nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ ní kí wọ́n ti káàdì náà pa."

Adédiwúrà ló tẹ̀ ẹ́, torí ọkọ rẹ̀ ò lè rí nọ́ńbà kékeré yẹn kà láìsí awò ojú. Wọ́n ti káàdì pa. Ohunkóhun ò tíì kúrò níbẹ̀. Bánjọ mí kanlẹ̀, ó ní Ọlọ́run ṣeun.

"Ibo ló ti rí nọ́ńbà mi?" ló bèèrè. "Mo kàn kọ ọ́ sí ojú ìwé Kájọrà lórí Fesibúùkù ni."

"Ẹ̀yin lẹ fún un, Uncle. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń ṣọ́ ojú ìwé wọ̀nyẹn. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí inú ń bí kì í pẹ́ gba ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́ gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ rẹ́." Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára ayùn. "Èyí ńkọ́?"

"Mo fẹ́ tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ mọṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi lè kan ìṣó kan mọ́ ọn, wọ́n lè ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Ẹ dìde lórí páálí yẹn náà, inú rẹ̀ la máa kó kẹ̀kẹ́ padà sí."

Bánjọ dìde wéré.

Wọ́n gbé táyà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n na téèpù gbẹ́nàgbẹ́nà lé wọn, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n ya fọ́tò ìwé ara páálí náà. Hàlímátù ṣí áàpù, ó lọ síbi ọjà tí wọ́n rà, ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń dá ọjà padà, ó fi fọ́tò sí i, ó ní àwọn fẹ́ òmíràn. Ó wá mú nọ́ńbà kọ́sítọ́mà kíà nínú áàpù kan náà, ó ní kí Bánjọ pè é.

Ọmọbìnrin kan gbé e. Kò bi Bánjọ ní àlàáfíà ilé, kò sì gbàdúrà. Nọ́ńbà ọjà ló bèèrè. "Àga onítáyà ni, àbí?" ló wí, kí Bánjọ tó lanu. Kò bèèrè káàdì, kò bèèrè kóòdù. Ó fún un ní nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n máa gbé òmíràn wá, Adédiwúrà kọ ọ́ pa mọ́. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá, nọ́ńbà yẹn ni Bánjọ fi pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, wọn ò sì ní kó tún ìtàn sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ tuntun dé, wọ́n sì gbé ti àkọ́kọ́ lọ nínú páálí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Adédiwúrà ń ya fídíò bí wọ́n ṣe ń tú u. Táyà dọ́gba. Bánjọ rọra ti ìyá rẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, títí dé ẹnu géètì.

Ìyá kan tó ń gbé tòmátì bọ̀ láti ọjà Mile 12 dúró. "Màmá, ẹ̀yin nìyí? A ti ń bèèrè yín o."

"Èmi nìyí," ni Màmá wí. "Báwo lọjà? Ọmọ ẹ tó lọ ilé ìwé ńkọ́?"

Wọ́n kí tibí, wọ́n kí tọ̀hún. Nígbà tó yá, Bánjọ ní kí wọ́n wọlé. Màmá ní kó lọ máa sùn tí oorun bá ń kùn ún. Omi dà lójú rẹ̀, ó sì lọ dúró sẹ́yìn géètì kí wọ́n má bàa rí i.

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ìkòsí, Àgbóyì àti ibi gbogbo, ọjà tó dé tí kò dára kì í ṣe òpin ayé. Ẹ má tún un ṣe, ẹ má sọ páálí rẹ̀ nù. Ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì tètè fẹjọ́ sùn nínú áàpù ilé ìtajà náà, torí ọjọ́ ìdápadà máa ń kọjá. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ rí káàkiri. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà ẹjọ́ yín. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, ẹ kó ẹ̀rí yín lọ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà. Ẹ má kọ nọ́ńbà fóònù yín síta gbangba. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣi nọ́ńbà káàdì yín sọ, báńkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, kí ìtìjú tó dá yín dúró.

Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ọjà fún yín kò nílò kóòdù báńkì yín. Kó kí yín tẹ́rùn, kó ṣàdúrà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ṣe àmín, kí ẹ sì gé fóònù.