Irọ́ tí Àdìjá Pa fún Bàbá Rélùwéè

"Àdìjá, ṣé o ti nu ojú irin náà?" Bàbá Tàjùdíìnì béèrè láti inú yàrá.

"Mo ti nù ún, Bàbá."

Irọ́ ni. Adéníkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti ń dúró dè é ní Ìyànà Ìbà. Wọ́n fẹ́ lọ ya fọ́tò.

Bàbá tó bí ìyá Àdìjá ni Bàbá Tàjùdíìnì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tún ọkọ̀ rélùwéè ṣe ní Èbúté Mẹ́ta. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọ̀gá rẹ̀ fún un ní ọkọ̀ ojú irin ìṣeré kékeré kan tí iná mànàmáná ń gbé yí po lórí irin rẹ̀ lórí tábìlì. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lọ́wọ́ kan, Àdìjá ló ń bá a tọ́jú ọkọ̀ náà. Ní gbogbo Sátidé, á fi òwú àti sípíríìtì nu ojú irin, á yọ irun àti eruku kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, á sì kán òróró máṣíìnì ẹ̀kán kan péré sí i.

Lọ́jọ́ yìí, òróró máṣíìnì ti tán. Àdìjá bu òróró tí wọ́n fi ń dín ẹja, ó dà á sí i, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá tan ọkọ̀ náà. Ó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó rú èéfín, ó sì kú. Bàbá tú ìdí rẹ̀ wò.

"Ta ló da òróró ìdáná síbí?"

Àdìjá ní, "Ó lè jẹ́ ẹ̀yin ni, Bàbá. Bóyá ẹ ti gbàgbé."

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ti rọ títí. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ló wí.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀ mọ́. Á kírun tán, á tún béèrè bóyá òun ti kírun. Kò sọ ìtàn rélùwéè fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó ní òun lè ṣì í sọ. Àdìjá ń wò ó, ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi. Ó ní òun yóò jẹ́wọ́ tí òun bá parí ìdánwò àṣekágbá.

Lọ́jọ́ tó ṣe ìdánwò ìṣirò, ó bá bàtà rẹpẹtẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Bàbá ti kú. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ ni Àdìjá jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò nà án, kò sì bú u.

"Bàbá bẹ̀ mí pé kí n má fi òun nìkan sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí, "pé orí òun ti ń dàrú. Àdìjá, orí bàbá mi kò dàrú."

Àdìjá dojú bolẹ̀, ó sunkún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹ bá ṣẹ ẹnìkan, ẹ tètè jẹ́wọ́ fún un nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ Àdìjá bá irọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bá Bàbá nílé.