Ẹ̀ka Iyùn Mọ́fẹ́yìsára

Òórùn burúkú ló pe Tíṣà Akínyọdé wá sí pálọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí tiransífọ́mà àdúgbò wọn ní Ìkẹ́nnẹ́ ti jó, jẹnẹrétọ̀ ilé náà sì ti dákẹ́ láti àná. Nígbà tó ká aṣọ kúrò lójú àpótí dígí, omi inú rẹ̀ ti dà bí omi ògì tó kan. Ẹja mẹ́rin ti kú sójú omi. Iyùn tó wà láàárín àpótí, tó jẹ́ àwọ̀ ewé tútù títí di ọjọ́ Àìkú, ti funfun báláú.

Kì í ṣe iyùn tí ọba ń fi sọ́rùn là ń wí o. Iyùn ààyè ni, èyí tó ń gbé inú omi iyọ̀, tó ń jẹun, tó ń la ẹnu kéékèèké láàárọ̀, tó sì ń pa á dé lálẹ́. Mọ́fẹ́yìsára, ọmọ kan ṣoṣo tí Tíṣà bí, ló sìn ín. Ọdún méjì sẹ́yìn ni ọmọ náà kú, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nínú gbogbo ohun tó fi sílẹ̀, iyùn yìí nìkan ló ṣì ń mí.

Tíṣà kò sunkún. Ọmọ rẹ̀ ti rò ó ṣáájú. Nílùú tí iná kì í ti dúró, àpótí ẹnikẹ́ni lè kú nígbàkigbà, nítorí náà ni Mọ́fẹ́yìsára ṣe fi òfin kan lélẹ̀ láàárín àwọn mélòó kan tí wọ́n jọ ń sin iyùn ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Gé ẹ̀ka fún ẹlẹgbẹ́ rẹ. Ẹni tó gbà á kì í sanwó, kì í sì í tà á. Lọ́jọ́ tí ti olóhun bá kú, kí ó gé ìdajì padà fún un. Ọ̀nà kan ò wọjà, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ẹ̀ka mẹ́ta ló gé kó tó lọ.

Tíṣà gbé fóònù. Ó kọ́kọ́ pe Sàfúrátù tó ń ta obì ní Sábó, Ṣàgámù.

"Sàfúrátù, ẹ̀ka ọmọ mi tó wà lọ́wọ́ ẹ ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Ìgbà tí mò ń kó obì lọ sí Kánò ni mo gbé e fún Níyì pé kó bá mi tọ́jú ẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé sóólà wà nílé tiẹ̀."

Ó pe Tawfiq tó ń tún fóònù ṣe ní Ìpara.

"Bátìrì ínfátà mi ló kú, Bàbá. Ọwọ́ Níyì ló wà láti oṣù kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ẹ̀ka kẹta, ọwọ́ Níyì yìí náà ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Tíṣà jókòó. Ọ̀nà mẹ́ta tí ọmọ rẹ̀ là, ilé ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn já sí, kò sì sí ẹni tó sọ fún ẹnì kejì. Ìtìjú ni. Ta ló fẹ́ jẹ́wọ́ pé ohun tí òkú fi sí òun lọ́wọ́ ti wúwo ju òun lọ?

Níyì Ọláyídé ń gbé ẹ̀yìn Sábó. Ó ń kan àpótí ẹja fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé olówó, ẹnu rẹ̀ sì dùn bí oyin. Lọ́jọ́ ìsìnkú Mọ́fẹ́yìsára, igbe tirẹ̀ ló ga jù.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Dádì," ló wí nígbà tí Tíṣà wọlé. "Àrùn kan ló wọ omi mi lóṣù tó kọjá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún yín."

Ó gbé egungun iyùn mẹ́ta jáde nínú aṣọ funfun, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé òkú ìkókó. Omi bọ́ lójú Tíṣà. Ó mú ọ̀kan, ó yí i dé. Ìdí rẹ̀ rí roboto, ó ń dán, irú èyí tí wọ́n ń rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó yí èkejì. Ó yí ẹ̀kẹta.

Mọ́fẹ́yìsára kì í ra ìdí iyùn. Òkúta funfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ṣàgámù ló máa ń ṣà lẹ́bàá ọ̀nà. Á fi ayùn rẹ́ ẹ, á lẹ ẹ̀ka mọ́ ọn, á sì họ M àti nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Níyì, òkúta ẹ̀ dà?"

"Òkúta wo, sà?"

"Èyí tí ọmọ mi lẹ̀ ẹ́ mọ́."

"Ó... ó já kúrò ni, sà."

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Níyì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn kan ń retí òun.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, kọ́ńsítébù tó wà ní kàńtà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé òkúta ni wọ́n jí yín?"

"Kì í ṣe òkúta!" Ohùn Tíṣà ròkè. "Ó ń jẹun. Ó ń sùn. Ẹ̀dá ààyè ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Kọ́ńsítébù kò kọ nǹkan kan. Inspẹ́kítọ̀ Kareemat ló gbọ́ ohùn náà láti inú yàrá rẹ̀. Ó jáde wá, ó fún bàbá ní àga, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Ẹ bá mi wá ẹ̀rí kan ṣoṣo, sà," ló wí. "Ẹyọ kan."

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rí dé. Ìbátan Sàfúrátù kan ya fọ́tò nínú hòtẹ́ẹ̀lì tuntun kan ní Ògèrè, ó sì gbé e sórí Wàsáàpù. Àpótí ẹja ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Tawfiq fẹ fọ́tò náà títí ó fi hàn kedere: iyùn aláwọ̀ ewé, òkúta funfun, M 3. Tíṣà fọwọ́ kan ojú fóònù náà. Ó ṣì wà láàyè. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù bà á.

Wọ́n ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Wọn ò sọ ohun tó máa ṣẹ́ kù fún olóhun lọ́jọ́ ọ̀hún.

Bí ọkọ̀ ọlọ́pàá tó gbé Kareemat, Tíṣà àti Tawfiq ṣe ń yà sínú hòtẹ́ẹ̀lì náà lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Níyì ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù lọ́wọ́.

"Dúró ńbẹ̀! Ọlọ́pàá!"

Níyì kò dúró. Ó fo gọ́tà, ó kó sáàárín àwọn tírélà tó tò lọ bẹẹrẹ ní ibùdó wọn. Tawfiq sá tẹ̀ lé e, ó fẹsẹ̀ kọ táyà, ó ṣubú. Àwọn mẹkáníìkì ní àwọn kò rí ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Kareemat tẹjú mọ́lẹ̀, ó rí ẹ̀kán omi nínú eruku, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ó fìka kàn án, ó tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ ni. Ẹ tẹ̀ lé mi."

Abẹ́ tírélà kan tó taku ni wọ́n bá a, ó nà gbalaja, ó di bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ra. Tawfiq fà á lẹ́sẹ̀. Ó ta ìpá.

"Ẹ má jẹ́ kó dà nù!" Tíṣà pariwo.

Ó ti dà nù. Iyùn náà yí wọ inú ọ́ìlì dúdú tó kán sílẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Tíṣà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Àwọ̀ ewé rẹ̀ ṣì ń yọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọ́ìlì. "Ẹ fún mi lómi!" Ẹnì kan ju omi inú ọ̀rá sí i. Ó wo omi náà. Omi tí kò níyọ̀ á pa á, ọ́ìlì á pa á, òkun sì jìnnà sí Ògèrè. Oòrùn mú ganrínganrín. Ó kàn gbé e dání, kò rí nǹkan mìíràn ṣe.

"Ta lo ta nọ́ńbà kìíní fún?" Kareemat bèèrè ní àgọ́.

"Ẹnì kan ní Lẹ́kí. Ó ti lọ sókè òkun, ó ti tú àpótí ẹ̀ ká."

"Nọ́ńbà kejì?"

"Ó kú sínú búùtù mọ́tò mi. Ooru ni."

"Àwọn egungun tó o kó fún bàbá ńkọ́?"

"Mo rà wọ́n ni, mà. Òkú iyùn, gbogbo ẹ̀ ló jọra."

"Kí ló dé tó o lọ gbé ìkẹta kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì?"

"Ẹ̀rù bà mí nígbà tí Dádì bèèrè òkúta. Mo sì ti rí ẹni tó máa rà á n'Ìbàdàn."

Wọ́n tú ilé rẹ̀. Iyùn tí Sàfúrátù fúnra rẹ̀ ní, tó fi sọ́dọ̀ Níyì pẹ̀lú ẹ̀ka Mọ́fẹ́yìsára, wà níbẹ̀, ti Tawfiq wà níbẹ̀, ti àwọn mẹ́rin mìíràn náà, gbogbo wọn láàyè. Sàfúrátù bú sí ijó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgọ́, àfìgbà tó rí Tíṣà lórí bẹ́ńṣì. Ó dúró.

"Bàbá, mà á gé nínú tèmi fún yín."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Tíṣà yíjú sí Níyì. "Ní hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, ṣé ó máa ń la ẹnu láàárọ̀?"

Níyì wolẹ̀. "Mi ò mọ̀, Dádì. Mi ò dúró wò ó rí."

Ní ìrọ̀lẹ́, ìwọ̀nba ara tó kù lára iyùn náà ti ṣí kúrò, egungun rẹ̀ hàn. Kọ́ńsítébù ọjọ́sí ló mú ìwé ẹ̀rí wá. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Bàbá, wọ́n ní ká to ohun tí wọ́n jí sílẹ̀. Kí ni kí n pe eléyìí, sà?"

Tíṣà fi àtàǹpàkò nu ọ́ìlì kúrò lára lẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ họ. Ó gbé e lé orí tábìlì.

"Òkúta ni," ló wí. "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."