Igbá Jìnmí Ará Ìrókò

Láyé ìjọba òyìnbó, lọ́jọ́ tí ajẹ́lẹ̀ fẹ́ yan ìlú tí wọn yóò kọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sí, Jìnmí tó ń fín igbá ti wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó gbé agbádá sányán bàbá rẹ̀ wọ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi ọdán níwájú kóòtù Ìrókò. Ìrókò ni ìpàdé bọ́ sí, nítorí Ọ̀yọ́ ní òun ò ní lọ bá Ìbàdàn nílé, Ìbàdàn náà ò sì gbà láti lọ s'Ọ́yọ̀ọ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, ìlú méjèèjì ló sì ń sọ pé àwọn làwọn ni àṣà.

Olóyè Adéwọlé láti Ọ̀yọ́ ti kọ́kọ́ wá bá Jìnmí lábẹ́lẹ̀: kó fín igbá tí àwọn yóò gbé síwájú ajẹ́lẹ̀, Jìnmí ni yóò sì ṣe olùkọ́ bí àwọn bá borí. Kò pẹ́ tí Olóyè Sùnmọ́nù láti Ìbàdàn fi wá ṣe irú ìlérí kan náà. Ẹ má tíì dá Jìnmí lẹ́bi. Kò bímọ, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ẹni tí yóò kọ́ níṣẹ́ ló ń wá. Igbá ńlá kan ṣoṣo ló sì kù lókè àjà. Ó là á sí méjì, ó fín ẹlẹ́ṣin sára ìlàjì kan fún Ọ̀yọ́, ó fín jagunjagun tó gbé ìbọn kọ́ èjìká sára èkejì fún Ìbàdàn.

Nígbà tí àwọn olóyè gbé ìlàjì igbá wọn kalẹ̀ ní ìpàdé, ajẹ́lẹ̀ gbé méjèèjì yẹ̀ wò. Bí ẹni ń ṣeré, ó fi ọ̀kan dé èkejì. Etí wọn bá ara mu rẹ́gí. Àwọn ará Ìrókò bú sẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ̀ pé igbá kan náà ni.

Ògbufọ̀ béèrè ẹni tó fín in. Jìnmí dọ̀bálẹ̀.

“Èmi ni, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá mi, ọmọ Ìbàdàn ni ìyá mi. Ìlú yòówù tẹ́ ẹ bá fún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀.”

Adéwọlé ká etí agbádá rẹ̀ sókè. “A ò mọ̀ ọ́n rí lọ́dọ̀ tiwa.”

“Àwa náà ò mọ̀ ọ́n,” ni Sùnmọ́nù wí.

Bí ìlú méjèèjì ti sẹ́ ẹni tó fín igbá wọn, ajẹ́lẹ̀ dá owó padà sápò ìjọba, ó sì gbé igbá náà lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dun Jìnmí wọra. Látọjọ́ tó ti gbọ́njú, kò rí i kí ìlú méjèèjì fohùn ṣọ̀kan rí, àfi lórí kíkọ òun sílẹ̀. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ fọ́ pátápátá. Á jókòó síwájú ilé, á máa fi àtàǹpàkò wá ojú ọnà lára igbá tí ẹnikẹ́ni ò fín, títí tó fi kú láìrí ẹni kọ́.